Wákàtí Méjì Lára, Títí Di Ọ̀sán Lára Aṣọ

Ó fín in lẹ́ẹ̀mejì sí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ òsì, níbi tí awọ ti rọ̀ jù, ó ka ọgbọ̀n láìmí, lẹ́yìn náà ó gbé apá náà sún mọ́ imú.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Kò sí ọsàn, kò sí òdòdó, kò tilẹ̀ sí òórùn awọ ara òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ síwájú aago méje pé: Ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó mú díẹ̀. Ó tutù. Ó kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn tíṣà máa ń yìn nígbà tó wà níléèwé. Irọ́ tí a bá fi ọwọ́ rere kọ a máa jọ òtítọ́.

Onímú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, níbi tí Ọ̀gá ti ń po lọ́fínńdà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin ń fín sára lẹ́yìn ìwẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń wọlé ṣáájú ẹni tó fín in, tí kò sì ní bá a jáde bó bá lọ. Ti Ọ̀gá kò fi púpọ̀ yàtọ̀ sí omi: ọsàn díẹ̀, òdòdó díẹ̀, kí ara ṣáà lè dùn mọ́ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ti po tuntun, Onímú ló ń gbé ìgò ìdánwò lọ sílé, nítorí òórùn ti kún yàrá ìpòpọ̀ débi pé imú kò lè dá ẹjọ́ níbẹ̀. Á fi ọṣẹ tí kò ní òórùn wẹ̀. Kò ní fẹnu kan àlùbọ́sà láti àná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dì mọ́ ọn. Láti àárọ̀, á máa gbọ́ òórùn náà ní wákàtí-wákàtí, á máa kọ bó ṣe ń yí padà sílẹ̀ títí tí kò fi ní kù mọ́. Ohun tó bá kọ ni Ọ̀gá ń tẹ̀ sára ìgò.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀fìnkìn kan mú un, ọ̀fìnkìn lásán tí kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó ń lọ, ó kó gbogbo òórùn ayé dání. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń sunkún, imú á bá a sun ún. Oṣù mẹ́jọ ni ojú rẹ̀ ti fi ń sunkún ọkọ rẹ̀. Bóyá ó ti wá rẹ imú ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n ń fi Onímú tí kò ní imú ṣe? Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ilé tí wọ́n ń gbé náà bọ́ nìyẹn. Bí ilé bá sì bọ́, Màmá á lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé yàrá ti wà nílẹ̀. Màmá ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló dé pẹ̀lú báàgì kékeré kan, tó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fẹ́ lò. Oṣù kẹjọ rèé. Onímú ò fẹ́ kó lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, torí náà ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó náà ò lè dá gbé.

Màmá ló wọlé yìí, ó mú àkísà ìnutábìlì dání. Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì, wọ́n rí bákan náà, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí èyíkéyìí lára. Lọ́fínńdà wà nínú ọ̀kan. Omi lásán, tí wọ́n fi ń ṣan awọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, wà nínú èkejì.

"Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, Màmá."

"Èwo lo fín?"

Onímú nawọ́ sí èyí tó wà lápá ọ̀tún.

Màmá nu igun tábìlì kan tí kò ní eruku. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á: ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò apá òsì, ó fín in lẹ́ẹ̀kan sí afẹ́fẹ́ àárín àwọn méjèèjì, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú Onímú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ife tíì fún àlejò.

"Ọsàn nìyí," ó ní. "Èyí tó wà lápá rẹ yẹn, omi ni."

Ara Onímú gbóná láti ọrùn dé etí. Ó wo ìgò, ó wo ìwé, kò lè wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ìkòkò jóná. Èéfín gba ilé kan, ìwọ jókòó síbí, ò ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onímú kó tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan tún ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kì í jẹ́ kó tan sítóòfù mọ́. Màmá ló ń ṣí ike mílíìkì láràárọ̀, tó ń gbé e sí imú kó tó bù ú sí tíì rẹ̀. Àti àárọ̀ ọjọ́ tí àgbà náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, kó wọ òmíràn, pé àwọ̀ yẹn ò yẹ ẹ́. Onímú ti bínú díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé àṣẹ ni Màmá fẹ́ràn láti máa pa.

"Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn," ó bi í.

"Àwọ̀ rẹ̀ yẹ ọ́, òórùn rẹ̀ ni kò yẹ ọ́," ni Màmá dáhùn. "Dìde, lọ ṣan apá yẹn. Kí o fín in dáadáa, kí o gbé apá wá."

Aago méje àbọ̀ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Màmá tẹ orí sí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó pa ojú dé. Onímú rí ìlà tó wà ní àárín orí rẹ̀, níbi tí irun funfun ti pín sí méjì, ó sì di èémí mú.

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń bó ọsàn ní yàrá kejì, tí wọn ò sì pè ọ́ sí i."

"Màmá, mi ò lè kọ ìyẹn."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ ni pé ó mú, ó tutù."

"Irin náà mú, ó sì tutù. Kọ ohun tí mo sọ."

Ó kọ ọ́.

Ní aago mẹ́jọ àbọ̀, Màmá ti ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó ti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òórùn má bàa dà pọ̀, ó sì wá. Ó pẹ́ lórí apá náà lọ́tẹ̀ yìí. "Wọ́n ti jẹ ọsàn náà tán, wọ́n ti kó èèpo dànù," ó ní. "Òdòdó ló kù. Ó dà bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, tí kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ohun tó ń ṣe dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ṣé kí n kọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ pa á mọ́ fún?"

Òfin ìdánwò ni pé kí ẹni tó fín lọ́fínńdà rìn nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, kó lè làágùn, nítorí kì í ṣe inú ilé nìkan ni àwọn oníbàárà ń gbé. Àwọn méjèèjì jáde sí àdúgbò, Onímú ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na apá òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ohunkóhun má bàa kàn án. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń gbàgbé, tí yóò ká apá náà mọ́ra, tí ọwọ́ ẹ̀wù náà yóò yọ̀ wálẹ̀. Téló rí wọn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́; òun ló ń bá ọkọ Onímú dín ṣòkòtò kù nígbà ayé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ìyàwó, ibo lẹ ń gbé apá yẹn lọ bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́?"

"Iṣẹ́ ni," Onímú dá a lóhùn.

"Irú iṣẹ́ wo ni kí èèyàn máa gbé apá kiri? Èmi tí mo ń fi méjèèjì ṣiṣẹ́, mi ò rí tó báyìí jẹ."

Màmá ti wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù. Lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù náà, ó tẹ orí sí apá Onímú. Ó gbọ́ ọ, ó sún sókè, ó sún wálẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú rọ́ọ̀gì.

"Ó ti tán," ó ní.

"Màmá, ẹ tún wò ó."

"Òógùn ló kù, àti ìwọ. Wákàtí méjì ni, kò lé."

Ọkàn Onímú rẹ̀wẹ̀sì. Ní àná, Ọ̀gá ti sọ fún un pé òǹkà mẹ́fà ni òun ní kí onítẹ̀wé fi sára ìgò tuntun: ó ń wà lára fún wákàtí mẹ́fà. Aago mẹ́rin òní ni onítẹ̀wé máa wá gba ìwé. "Kí ìwé tìrẹ ṣáà ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn," Ọ̀gá ti wí, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ìwé Onímú kò já a kulẹ̀ rí.

Téló ló sọ̀rọ̀. "Ara lẹ ti ń wá a. Ṣebí ó ti bọ́ sára aṣọ." Ó fi àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ọwọ́ ẹ̀wù. "Aṣọ a máa pa nǹkan mọ́ ju ara lọ. Aṣọ táwọn èèyàn ń gbé wá fún mi láti tún ṣe, mo lè sọ fún yín ẹni tó ń mu sìgá tó ní òun ò mu ún mọ́."

Màmá gbé ọwọ́ ẹ̀wù náà sí imú. Ojú rẹ̀ tú ká. "Ó wà níbí," ó ní. "Ó wà níbí, ó ń mí."

Ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò, ilé a máa dákẹ́. Ti òní ò rí bẹ́ẹ̀. Ní aago mọ́kànlá, òdòdó ṣì wà lára aṣọ náà. Ní aago méjìlá, Màmá ní èèyàn ní láti sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Ní aago kan, ó ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sí oòrùn tó sì gbẹ dáadáa: kì í ṣe òdòdó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ lásán. Ní aago méjì, ó gbé e sí imú, ó ronú, ó gbé e sí ihò imú kejì, ó sì ní, "Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ò ní mọ̀." Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, oorun sì gbé e lọ.

Onímú jókòó ti tábìlì. Ó mú ìwé tuntun kan tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó kọ aago méje sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó mú, ó tutù. Ó kọ mẹ́sàn-án, ó kọ mọ́kànlá, ó kọ aago kan: òdòdó fẹ́lẹ́, ó ṣì wà lára. Wákàtí mẹ́fà pé. Ta ló máa mọ̀? Àwọn tó máa rà á á rò pé awọ tiwọn ni kò dára. Iṣẹ́ á dúró, ilé á dúró, Màmá á máa sùn lórí àga yẹn.

Ó gbójú sókè wò ó. Arúgbó náà ti tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Onímú wà, bí ẹni tó fẹ́ kí imú òun wà nítòsí bí wọ́n bá pè é. Láti àárọ̀ ló ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń nu ọwọ́, tó ń tẹríba sí apá ẹlòmíràn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, tó sì ń sọ ohun tó bá níbẹ̀ gan-an. Kò fi kún un. Kò yọ kúrò lára rẹ̀.

Onímú ya ìwé náà sí méjì, ó tún un ya sí mẹ́rin. Ó fa ìwé ti àárọ̀ jáde, ó fagi lé ìlà àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn méjì sókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan èjìká àgbà náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi iṣẹ́."

Ọ̀gá jẹ́ obìnrin gíga kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí irun, tí á sì máa wá a kiri ilé. Ó ti rí i lónìí. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, onítẹ̀wé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ọ̀gá kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún un, ó gba ìwé, ó sì kà á sókè bó ṣe máa ń kà á.

"'Imú mi kò gbọ́ òórùn kankan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ló gbọ́ èyí, èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.'"

Ẹsẹ̀ onítẹ̀wé dúró.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ẹ má bínú."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o kọ ńkọ́?"

"Ìwé ọdún tó kọjá ni mo wò kọ ọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn níbì kan rí." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bá ìwé náà lọ, lóhùn kékeré báyìí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń bó ọsàn ní yàrá kejì, ó dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ó tún un kà.

Ó wọ yàrá ìpòpọ̀ lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta, ó ti kán nǹkan sí orí méjì nínú wọn. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Kí lẹ gbọ́ níbí?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́," Màmá wí. "Èèpo rẹ̀ ni, kì í ṣe omi inú rẹ̀."

"Èyí ńkọ́?"

"Òdòdó. Ó ti wà nínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sì pààrọ̀ omi náà."

"Èyí?"

Màmá gbọ́ ọ, ó ṣiyèméjì, ó wo Onímú. "Ẹ má bínú o. Kò sí nǹkan kan lórí ìwé yìí. Ọwọ́ yín ni mò ń gbọ́. Ẹ jẹ àlùbọ́sà lọ́sàn-án yìí."

Onítẹ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wo arúgbó náà títí.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Bí mo bá sọ fún un, á rò pé nítorí imú rẹ̀ ni mo ṣe dúró."

"Nítorí kí ni ẹ ṣe dúró?"

Màmá tún etí ìró rẹ̀ ṣe lórí orúnkún. Onímú ń wo àwọn ìgò òfìfo tí wọ́n tò sára ògiri. Kò sí ẹni tó bi Màmá ní ìbéèrè yìí rí nínú oṣù mẹ́jọ, òun gan-an ò bi í.

"Ọmọ kan ni mo bí," Màmá wí. "Ẹni tó jókòó yìí nìkan ló kù tó ń pè mí ní Màmá."

"Ṣebí gbogbo ayé ló ń pè yín ní Màmá," Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi náà ti pè yín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

"Ẹ ṣeun. Irun funfun orí mi lẹ ń kí. Òun, èmi ló ń pè."

Onímú ò gbójú sókè. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń rò pé òun ni òun gba arúgbó kan sílé.

Ọ̀gá dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó kọjú sí onítẹ̀wé. "Pa mẹ́fà yẹn rẹ́. Kọ ọ́ pé wákàtí méjì lára, títí di ọ̀sán lára aṣọ. Bó bá tán, ẹ tún un fín."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rà á ṣá?"

"Ẹni tí mo bá purọ́ fún á rà á lẹ́ẹ̀kan. Tẹ ohun tí mo sọ." Ó kọjú sí Onímú, ojú rẹ̀ sì le. "Ìwọ, ọ̀dọ̀ dókítà imú ní àárọ̀ ọ̀la. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá á máa gbọ́ ọ, bí wọ́n bá gbà fún wa, ìwọ á máa kọ ọ́. Bí imú rẹ bá dé, ó dé. Bí kò bá dé, a ó mọ bí a ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n má tún fi ìwé àtijọ́ tàn mí mọ́."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Ọ̀gá."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Oòrùn ti rọlẹ̀, àwọn tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ti kún ọ̀nà. Màmá ń ṣàròyé pé ilé iṣẹ́ náà ò ní fèrèsé tó, pé ibi tí wọ́n bá ti ń ta òórùn, afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Onímú ń gbọ́ ọ ní ìdajì. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan ni wọ́n ń kọjá, àwọn èèyàn ń yíjú síbẹ̀, wọ́n ń fa èémí. Kò sí òórùn kankan tó dé imú Onímú. Ó rí i pé òun ò bẹ̀rù ìyẹn tó bó ṣe rí láàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá, ó di ìgbọ̀nwọ́ àgbà náà mú.

"Màmá."

"Ìyàwó mi."

Ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Mo kàn pè yín ni."

Màmá wo òsì, ó wo ọ̀tún. "Mo gbọ́," ó ní, wọ́n sì jọ sọdá.